Bàbá Onílé, Ta Lẹ Fẹ́ Gbà Sílé Gan-an?

Bàbá wa, Lánlọ́ọ̀dù wa àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú owó ilé. Mo mọ̀ pé ìkíni kejì ló dùn mọ́ yín nínú jù. Mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó mú kálàmù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé ló ń kọ lẹ́tà síta sí bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi mi pé gbangba ni mo ti ń sọ ọ́. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní ẹ ń sinmi. Bí mo bá pe fóònù yín, kì í wọlé, àfi oṣù tí owó ilé bá pé. Lóṣù yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń pè. Ẹ ó bèèrè àlàáfíà ìyàwó, ẹ ó bèèrè ti ọmọ, ẹ ó bèèrè ti ìyá mi lábúlé, kí ẹ tó wá rọra sọ pé, "Àti ọ̀rọ̀ wa yẹn o."

Owó tèmi ti wọlé, ẹ fọkàn balẹ̀. Fúláàtì ìsàlẹ̀ tó ṣófo láti ìgbà Iléyá ló gbé mi dìde.

Kò sẹ́ni tó gba àdúgbò wa kọjá ní Ọ̀gbà tí kò tíì rí pátákó "To Let" tí ajẹ́ńtì yín kàn mọ́ géètì. Òjò ti fọ ìdajì nọ́ńbà fóònù dànù lára rẹ̀. Ohun tí pátákó ò sì sọ, ajẹ́ńtì ń fẹnu sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ títí mo fi há a sórí. Àpọ́n kò. Ọmọge tó ń dá gbé kò, torí ta ni yóò máa wá kí i? Opó kò, torí ìdí kan náà. Lọ́yà kò, yóò gbé yín lọ sí kóòtù. Sójà àti ọlọ́pàá kò, wọn ò ní sanwó, ẹ ò sì ní lè lé wọn. Ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé kò, Yahoo ni. Ẹni tó bí ju ọmọ méjì lọ kò, sókàwéè á tètè kún. Ọmọ Íbò kò, ẹ ò sì sọ ìdí ìyẹn, ẹ kàn mirí ni.

Mo jókòó, mo ṣírò ẹni tó kù. Ó ku tọkọtaya Yorùbá tó ti lé lógójì ọdún, tí wọ́n bí ọmọ kan ṣoṣo, tí ọmọ náà kì í sunkún, tí ọkọ ń ṣiṣẹ́ báńkì, tí ìyàwó kì í gúnyán lálẹ́, tí wọn kì í gbàlejò, tí wọn kì í sì í tan pọ̀ǹpù. Bàbá, irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ti kọ́lé tiwọn sí Mágbòrò.

Àmọ́ ọ̀kan wà nínú àwọn tí ẹ lé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló tẹ́ tàìlì fúláàtì tí à ń sọ yìí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ń ṣe pálọ̀. Ó na okùn láti igun dé igun kó tó gbé tàìlì àkọ́kọ́ lélẹ̀. Bó bá tẹ́ ọ̀kan tán, á fi ìka kàn án ko-ko-ko, á sì dẹ etí sí i. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá fi hàn pé abẹ́ rẹ̀ ṣófo, á ṣí i sókè, á tún símẹ́ǹtì sí i, á tún un tẹ́. Ẹ̀yin lẹ pè wá láti òkè, ẹ ní ká wá wo iṣẹ́. Ẹ ní, "Ẹ wò ó! Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gbé tàìlì fún àwọn ọmọ ibí. Ará Kútọnu ni ká gbé e fún." Gbogbo wa patẹ́wọ́.

Ọkùnrin yìí kan náà padà wá lóṣù kejì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn obìnrin, ó ní òun fẹ́ gba fúláàtì náà, owó ọdún kan sì wà lọ́wọ́ òun. Ojú yín yí padà. Ẹ ní bó bá jẹ gbèsè tán tó sá lọ sí ìlú rẹ̀, níbo lẹ ti fẹ́ rí i? Ó fi Yorùbá tó jinlẹ̀ ju tèmi àti tiyín lọ dá yín lóhùn, ó ní, "Bàbá, ọmọ Kétu ni mí." Ẹ ní Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12? Ó ní rárá, Kétu ti Alákétu. Ẹ ní ẹ ò mọ ìyẹn. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ ká sinmi lórí ọ̀rọ̀ Odùduwà àti àwọn ọmọ rẹ̀ nípàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù! Ọ̀kan nínú ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni Kétu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló jókòó ní ọdún 1889 tí wọ́n pín ilẹ̀, ni Kétu bá bọ́ sọ́wọ́ Faransé, sí apá Kútọnu, tí Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Alákétu nígbà náà bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà tí àwọn òyìnbó fà sórí bébà ni ẹ fi lé ọmọ Alákétu lẹ́nu géètì.

Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ará Tógò tí kò gbọ́ Yorùbá kan ṣoṣo, ohun tó bófin mu ló bá wá. Ní Èkó wa yìí ni wọ́n ti buwọ́ lu ìwé ìdásílẹ̀ ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Dakar, wọ́n fẹnu kò pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan máa wọ èkejì láìgba físà fún 90 ọjọ́, wọ́n sì tún ṣe àfikún lórí gbígbé àti ṣíṣiṣẹ́ nígbà tó yá. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè gbà. Ó ku Bàbá Onílé ní Ọ̀gbà.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ kórìíra àlejò. Nígbà tí máníjà ọmọ Íńdíà láti iléeṣẹ́ kan ní Ọba Àkràn wá wo ilé yín kejì ní Òpébì, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín nu àga fún un. Ẹ ò bèèrè bóyá ó gbéyàwó. Ẹ ò bèèrè pé bó bá sá lọ sí Mumbai ńkọ́, bẹ́ẹ̀ Mumbai jìnnà ju Kútọnu lọ fíìfíì. Iléeṣẹ́ ló fẹ́ sanwó, ẹ sì ti ń bi ajẹ́ńtì léèrè bóyá wọ́n á lè san án ní dọ́là.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó tí ẹ pè fún onítàìlì. Ká fi owó ilé sí 1,000,000 náírà lọ́dún, kí ìṣirò má baà le. Ẹ ní torí àlejò ni, ọdún méjì ni yóò san: 2,000,000. Àgíríméǹtì 100,000. Kọmíṣọ̀n ajẹ́ńtì 100,000. Owó kọ́ṣọ̀n, bó bá ba nǹkan jẹ́, 150,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,350,000 náírà, kò sì tíì ra ìgbálẹ̀. Kọ́ṣọ̀n ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ gba owó ìdúró lọ́wọ́ ẹni tó tẹ́ tàìlì, kó má baà ba tàìlì jẹ́!

Òfin sì wà o, Bàbá. Ọdún 2011 ni Gómìnà Fáṣọlá buwọ́ lu òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó sọ ọ́ kedere pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá rú u, ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Owó àgíríméǹtì yín nìkan ti tó láti san ìtanràn náà. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sì í kà dé ni pé òfin yìí mú ẹni tó san án náà pẹ̀lú ẹni tó gbà á. Bí ó bá di ẹ̀wọ̀n, ẹ̀yin àti ayálégbé yín á tún jọ máa gbé abẹ́ òrùlé kan náà, lọ́tẹ̀ yìí láìsí kọmíṣọ̀n.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní òfin náà yọ àwọn ibì kan sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ó yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Àmọ́ Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gbà la wà. Bí ẹ tilẹ̀ kọ "GRA Extension" sára géètì, ẹ̀yin nìkan lẹ ń pè é bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ọ̀nà yìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Japan. Ẹ̀yin àti onílé Tokyo, àfi bíi pé inú ìpàdé kan náà lẹ ti jáde. Níbẹ̀, àlejò tó bá fẹ́ gbalé yóò san owó ìdúró, wọ́n sì tún lè ní kó san owó ẹ̀bùn fún onílé, èyí tí kò ní padà wá mọ́. Wọ́n tún lè ní kó mú onídùúró wá, kí onídùúró náà sì jẹ́ ọmọ Japan. Bó bá ní gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ṣì lè sọ fún un pé àwọn kì í gba àlejò. Nígbà tí Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ Japan fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn àlejò tó ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní ọdún 2017, nínú àwọn tó ti wá ilé tí wọ́n máa gbà láàárín ọdún márùn-ún ṣáájú, nǹkan bí 39 nínú 100 ló ní wọ́n lé àwọn nítorí pé àwọn jẹ́ àlejò. Nǹkan bí 27 nínú 100 ló rí àkọlé pé wọn ò gba àlejò, tí wọ́n sì yí padà láìwọlé. Àwáwí onílé ibẹ̀ náà kò yàtọ̀ sí tiyín: kò gbọ́ èdè wa, kò mọ bí a ṣe ń da ilẹ̀ nù, ọbẹ̀ rẹ̀ ń rùn, ó lè sá lọ láìsanwó.

Àmọ́ wọ́n ṣe ohun kan tí ẹ̀yin ò tíì ṣe. Iléeṣẹ́ wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ò ju ìdúró-fúnni lọ. Ayálégbé á san owó fún wọn, bó bá jẹ gbèsè, àwọn ni yóò san án fún onílé, wọ́n á sì wá a kiri fúnra wọn. Ìyẹn ni pé wọ́n wo ìbẹ̀rù onílé, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ owó ni, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ owó tán an. Kò tíì pa ìkórìíra rẹ́, àmọ́ ó dí ẹnu ẹni tó ń fi gbèsè bojú.

Ẹ sún mọ́lé díẹ̀ sí i. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ kọ́ òfin ní London. Ní 1925, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan nínú ìṣòro tó ká wọn lára jù ni ilé, torí ọ̀pọ̀ onílé London kì í fẹ́ rí ènìyàn dúdú lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ṣólàńkẹ́ padà sí ilẹ̀ wa, ó fi ọdún mẹ́ta rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba, oníṣòwò àti mẹ̀kúnnù. Ní 1933, wọ́n ṣí hòsítẹ́lì tiwọn ní Camden. Wọ́n kó owó ilẹ̀ wa lọ gbalé ní London torí pé onílé ti London wo ojú wọn, ó ní rárá. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nǹkan ò tíì yí padà, Wọlé Ṣóyínká tilẹ̀ kọ ewì lórí fóònù àti obìnrin onílé tó ń wádìí bí àwọ̀ ẹni tó fẹ́ gbalé ṣe dúdú tó. Ọdún 1968 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì tó wọ ọ̀rọ̀ ilé, tó ní ẹ kò gbọdọ̀ lé ènìyàn nítorí àwọ̀ tàbí ìlú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ẹ ní ọmọ yín wà ní England báyìí. Láti oṣù Kejì ọdún 2016, òfin ti ní kí gbogbo onílé England máa yẹ ìwé ìgbélùú wò kó tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin lẹ bínú lọ́jọ́ tí wọ́n dá ọmọ yín dúró lórí ìwé yẹn. Ẹ ké jáde lórí báńkóònì, gbogbo àdúgbò ló gbọ́: "Wọn ò mọ ọmọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré!" Bàbá tó bí onítàìlì náà wà níbì kan ní Kétu, òun náà lè ké e.

Ìyẹn tilẹ̀ rán mi létí nǹkan. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ ìkómọjáde ọmọ mi pé Kumasi ni wọ́n bí yín sí. Bàbá yín jáde láti Ìnísà, ó ń ta ọjà ní Kumasi, ó kọ́lé síbẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ti Ghana ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó jáde. Àwọn Yorùbá ará Ìnísà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò kó ẹrù wọ lọ́rì, wọ́n fi ilé, ìsọ̀ àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ẹ ní ẹ̀yin ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, orí àpò àlùbọ́sà lẹ jókòó sí wá sílé. Títí dòní, bí pọ̀ǹpù bá bàjẹ́, Twi lẹ fi ń bú u. Ọdún 1983 ni àwa náà lé àwọn ará Ghana, a sì fi orúkọ wọn sọ báàgì. Ẹni tí wọ́n ti lé rí kò yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń lé ènìyàn dáadáa tó báyìí.

Mi ò ní kí ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀rù yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin 2011 yẹn náà sọ pé ẹni tó ń san owó ọdọọdún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù mẹ́fà bí ẹ ò bá jọ ní àdéhùn mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni nótíìsì ọlọ́jọ́ méje. Lẹ́yìn ìyẹn ni kóòtù, kóòtù sì mọ bí wọ́n ṣe ń sún ọjọ́. Kí ẹ tó gba ilé yín padà, ẹni tó jẹ gbèsè ti lè bí ìbejì nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ bá mi rántí ẹni tó gbé irú ẹjọ́ yẹn bá yín. Ṣé ọmọ Íbò ni? Ṣé ará Kútọnu ni? Ọmọ ìlú yín ni, díákónì ṣọ́ọ̀ṣì yín, tó gbé bọ́ìsìkọ́tà ọdún méjì láìsan kọ́bọ̀, tó ń fi ẹsẹ Bíbélì dá yín lóhùn. Ẹ ò bèèrè onídùúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní, "Ọmọ wa ni." Gbogbo ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi díákónì, onítàìlì lẹ wá bi.

Ibi tí a wà yìí kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín bára mu. Kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì kan lágbègbè yìí, àwọn Haúsá tó wá ra obì ti ń gbé Agége, ọjà obì àti rélùwéè ló mú wọn wá, àwọn ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lànà iléeṣẹ́ sí Ìkẹjà kí òmìnira tó dé, tí ilé ọtí, ilé táyà àti ilé kòkó Agídíngbì tẹ̀lé e, ènìyàn tú jáde láti gbogbo ibi wá síṣẹ́. Wọn ò bá ilé níbẹ̀. Ojú-kojú, yàrá mẹ́wàá, ṣáláńgá kan, ni àwọn onílé ìgbà náà kọ́ fún wọn. Owó oṣù àwọn àlejò yẹn ló sọ oko kòkó di Ọ̀gbà, Ìjú àti Dọ̀pẹ̀mú. Nígbà tí ẹ dàgbà, ẹ̀yin náà wá darapọ̀ mọ́ wọn. Ẹ fi owó iléeṣẹ́ ra ilẹ̀ yìí nígbà tí ẹ ṣì jẹ́ ayálégbé ní Agége, nínú ilé Ìyá Haúsá kan tí ẹ ní kò bi yín léèrè ìlú tí ẹ ti wá.

Nítorí náà, ohun tí mo bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ bi ẹni tó bá fẹ́ gbalé ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń sanwó fún un. Ẹ gba onídùúró tó ní àdírẹ́sì ní Èkó. Ẹ pe onílé ibi tó ti ń kó jáde, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe. Ẹ kọ òfin ilé sílẹ̀: ìgbà tí a ń tan pọ̀ǹpù, ẹni tó ń san owó sókàwéè, ibi tí a ń páàkì mọ́tò. Ẹ gba owó ọdún kan, kí ẹ sì fún un ní rìsíìtì. Bí ó bá dáhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn, ìlú tó ti wá, iye ọmọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọmọ Kétu wà báyìí. Ó ti rí ilé ní Ìjú. Ìyá onílé kan ló fún un, onídùúró nìkan ló béèrè, èmi sì ni mo dúró. Ó ti san owó ọdún kan pé, ó sì ti tún tàìlì bálùwẹ̀ ìyá náà ṣe láìgba owó iṣẹ́. Owó yẹn ì bá ti wà lápò yín láti ọjọ́ tó pẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín wá ẹlòmíràn, mo mọ mẹ́ta: lọ́yà kan, àpọ́n kan, àti ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin láti Ẹnúgu. Owó wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹ mú ọ̀kan, kí ajẹ́ńtì lè wá tú pátákó rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ayálégbé òkè, tí owó tirẹ̀ kì í pẹ́.